Abẹ́rẹ́ Géèjì Tí Wọ́n Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀

"Fọkànbalẹ̀, ìró kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

Ìyá Onítìmùtìmù ló bi àbúrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àga ni obìnrin náà ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé ilé ìwòsàn kan ní kó wá ṣe gbogbo àga tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé. Àwọn àga náà ni wọ́n dì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ́jọ́ yìí, tí wọ́n fi okùn gbà pinpin. Àbúrò rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Fọkànbalẹ̀ tí wọ́n ń pè é bá a mu: ohun yòówù kí wọ́n fi sùn ún, "Ẹ fọkàn balẹ̀" ló máa fi dáhùn.

"Ìró wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó ń dún kò-kò-kò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí. Àbí etí mi ló ń hó ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ẹ wo géèjì ọ́ìlì. Ṣé ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sùn sí tẹ́lẹ̀, tí ẹ ń pariwo lé mi lórí láràárọ̀? Mo ti gbé e fún mẹkáníìkì. Ẹ wò ó, àárín ló wà báyìí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ dúró ṣinṣin láàárín bí ọmọ tó gbọ́ràn. Ó dákẹ́. Ìró náà kò dákẹ́ ní tiẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gun òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni nǹkan ti bẹ́. Ohun kan dún "gbà!" nínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì kú fin-ín. Síárìn tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ le bí igi. Fọkànbalẹ̀ tẹ bíréèkì, ó tún un tẹ̀, ńṣe ló ń le sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

"Fa bíréèkì ọwọ́! Fà á!"

Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ sọdá títì. Ó ṣíjú rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó já ọmọ gbà mọ́ra, ó sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọkànbalẹ̀ fa bíréèkì ọwọ́, ó fi gbogbo ara yí síárìn, táyà ẹ̀yìn já sí gọ́tà, ọkọ̀ sì dúró gbì. Okùn já. Àga dà sí títì, àwọn míì ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ òkè. Ọwọ́ Ìyá Onítìmùtìmù gbá ilẹ̀kùn, ó sì wú lójú ẹsẹ̀.

Ìyá ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Olùkọ́ obìnrin kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ mẹkáníìkì sáré jáde láti ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó fi òkúta dí táyà, ó yẹ ọwọ́ tó wú wò, kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ̀pá gbẹ táútáú.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ láìsí ọ́ìlì?"

"Ọ́ìlì wà ńbẹ̀ o," ni Fọkànbalẹ̀ wí. "Géèjì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Olùkọ́ yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù. "Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dà?"

"Òun nìyí lọ́wọ́ mi."

"Ẹ́ńjìnnì ti kú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín. Kí ló gbé e dúró?" Ó fi ìka kan gíláàsì rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò mì. Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, gbogbo wọn sì rí i: gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Agbára tí ọ́ìlì fi ń ṣàn nínú ẹ́ńjìnnì ni géèjì yìí ń wọ̀n," ni olùkọ́ wí. "Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń ran síárìn àti bíréèkì lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì ṣe tán tí ẹ́ńjìnnì sì gan, ìrànlọ́wọ́ tán."

Ìyá Onítìmùtìmù figbe ta. "Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́? Mo jókòó ti ikú láti ilé títí dé ibí, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ tán, kò yà sílé. Ọgbà mẹkáníìkì ló gbà lọ, Fọkànbalẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e. Abẹ́ ọkọ̀ kan ni wọ́n bá ọkùnrin náà.

"Jáde níbẹ̀!"

Mẹkáníìkì yọjú, ó ń nu ọwọ́. Nígbà tó gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ bi awakọ̀ yín léèrè ohun tó ní kí n ṣe."

Obìnrin náà yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ ni Fọkànbalẹ̀ ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní ọ́ìlì ń jò, òun á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kóun tó mọ ibi tó ti ń jò. Mo ní kò sáyè, a ní àga láti kó. Mo ní kó ṣáà bá mi gbé abẹ́rẹ́ yẹn sókè, kí ariwo yín lè rọlẹ̀."

"Ariwo mi! Ariwo mi lo wá oògùn sí, o fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá!" Ó kọjú sí mẹkáníìkì. "Ìwọ ńkọ́? Bó bá ní kí o gé ẹsẹ̀ òun kí bàtà lè gba òun, ayùn ni wàá lọ mú?"

"Ìyá, ohun tí oníbàárà bá fẹ́—"

"Ọmọ tó ń sọdá yẹn, ṣé oníbàárà rẹ ni? O mọ̀ pé ọ́ìlì ń jò. O mọ̀! Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kìlọ̀ fún wa, o dí i lẹ́nu, o sì ní ká máa lọ láyọ̀!"

Ìyá Onítìmùtìmù fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkọ̀ tí ọkùnrin náà tún ṣe wò, wọ́n tún rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ti ọgbà rẹ̀ pa.

Ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìyá Onítìmùtìmù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó ní kó lọ bẹ ìyá ọmọ yẹn. Fọkànbalẹ̀ lọ. Ìyá ọmọ náà gbọ́ ọ títí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Nígbà tó délé wá sọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ni ín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka dáṣíbọ́ọ̀dù yín. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, àwọn iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti já wáyà rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ọ́ìlì bá já wálẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá délé. Bí abẹ́rẹ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnnì bá lọ sí ojú pupa, ẹ dúró, ẹ má sì ṣí rẹdiétọ̀ tó ń gba omi títí yóò fi tutù. Bó bá sì ti gbóná tẹ́lẹ̀, tó ṣàdédé já sí ojú tútù, ẹ má yọ̀: omi inú rẹdiétọ̀ lè ti tán. Ẹ fi ọ̀pá wọn ọ́ìlì fúnra yín, ẹ má fi ti géèjì nìkan ṣe.

Ẹ má sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá yín pa iná ìkìlọ̀ láìtún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mẹkáníìkì tó bá gbà láti ṣe é, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní títì kò lè rí ohun tí géèjì ọkọ̀ yín ń sọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè rí i.