Iyanrìn Orí Bẹ́ẹ̀dì Ọláníyan

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn ṣì wà láàyè ní Sango. Ẹni tó bá pè é ní irọ́ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀.

Fáìzàh àti Ọláníyan jọ ń kọ́ jọ́gíráfì ní yunifásítì ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi ni wọ́n yàn láàyò: bí òjò ṣe ń họ ilẹ̀, ibi tí odò ń gbé erùpẹ̀ gbà, ibi tó ń dà á sí. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì ti fi ara wọn han òbí. Nínú òjò ọdún tó kọjá, wọ́n lọ wọn kòtò ńlá kan tí àgbàrá gbẹ́ lẹ́yìn Àtàn-Ọ̀tà. Fáìzàh wà lókè, Ọláníyan di ẹnu téèpù mú nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ya. Erùpẹ̀ pupa bò ó, àgbàrá sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n wá a títí. Wọn ò rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá Ọláníyan wá bá Fáìzàh nílé. Àtinúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, opó, ará Ìkirè, tó ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Sango. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Kò jókòó.

"Ìwọ lo mọ bí omi ṣe ń rìn," ó ní. "Ibo ló gbé ọmọ mi sí?"

"Màmá, ó ti pẹ́..."

"Ibo ni, Fáìzàh?"

Fáìzàh mọ̀ ọ́n. Ó ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á. Ó mú ìyá lọ sẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Omi dúdú, ó ń rùn. Ṣùgbọ́n iyanrìn funfun tẹ́ rẹrẹ sétí rẹ̀.

"Tí odò bá ti yí báyìí, agbára rẹ̀ á dínkù," Fáìzàh ní. "Ohun tó bá gbé á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá kúnlẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó di í sínú ìborùn rẹ̀.

"Mi ò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo."

Orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ló da iyanrìn náà sí.

Nígbà tí Fáìzàh tún yà kí i, ọ̀sán gangan ni. Yàrá náà tutù. Ó ń rùn bí etí odò. Ìyá nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì. Iyanrìn ibẹ̀ ti tó apẹ̀rẹ̀ kan.

"Màmá, ẹ tún lọ bù sí i ni?"

"Mi ò padà débẹ̀."

Fáìzàh fi ìka gbẹ́ ẹ wò. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, iyanrìn líle tẹ̀ lé e, èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun wà lókè. Bí omi ṣe ń to ilẹ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ sì mú nígbà náà, ètè gbogbo ènìyàn ń bẹ́.

Ojoojúmọ́ ló ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ṣùkúrát, tó ń gbé yàrá kejì, dá Fáìzàh dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo máa ń gbọ́ omi," ó ní. "Ó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Mo yẹ ẹ̀rọ omi wò. Ẹ̀rọ gbẹ."

Nígbà tó yá, iyanrìn náà ní èjìká. Ó ní orí. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká apá kan sábẹ́ orí, bí Ọláníyan ṣe máa ń sùn. Ìyá ti fi aṣọ bò ó dé àyà.

"Fáìzàh," ó rọra ní, "ìwọ lo kàwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kù. Ṣé yóò pé?"

Fáìzàh fẹ́ sọ pé ohun tí odò bá gbé lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ó wo ojú ìyá. Obìnrin náà ti rù kan eegun, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, Màmá."

Ó fọwọ́ kan èjìká iyanrìn náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fáìzàh sunkún títí dé ibi tó ti wọ bọ́ọ̀sì.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó dá, Ṣùkúrát pè é lórí fóònù. "Máa bọ̀," ló sọ.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bẹ́ẹ̀dì gbẹ táútáú, kò sí hóró iyanrìn kan lórí rẹ̀. Kò sí ìyá. Bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀. Omi tíì rẹ̀ ṣì ń hó lórí sítóòfù.

Ojú àgbàrá tóóró kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fáìzàh tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bí iyanrìn inú rẹ̀ ṣe tò. Ó tún un wò. Òkè ni omi náà ṣàn lọ.

Ó bá a gun òkè, ó kọjá ògiri ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn, títí ó fi dópin láàárín pápá. Kò sí ihò níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó dojú bolẹ̀, ó fi etí lélẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn ènìyàn méjì lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá àti ọmọ tó jọ ń jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Fáìzàh dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́, bóyá wọn yóò dárúkọ òun. Wọn ò dárúkọ rẹ̀.