Ebi Tí Emna Fi Pa Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Rẹ̀

Ẹsẹ̀ ni Moez kọ́kọ́ rí: ẹsẹ̀ méjì nínú sálúbàtà pupa, lábẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n ta bo maikirosíkóòpù àti ẹni tó jókòó tì í. Lábẹ́ aṣọ náà, ohùn obìnrin kan ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ sún mọ́ra yín díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Moez wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá. "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, arábìnrin?"

Orí kan yọ jáde. Irun rẹ̀ rí játijàti, ṣùgbọ́n ojú yẹn dùn ún wò débi pé ọmọkùnrin náà gbàgbé ohun tó bá wá. "Àwọn ẹ́ńsáìmù mi ni. Ìwọ ńkọ́, ta ni ẹ́?"

"Èmi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa tọ́jú yàrá sẹ́ẹ̀lì."

"Ó dáa. Ti ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, ní ilé ìwádìí kan ní ìlú Sfax létí òkun, nígbà tó ku oṣù kan kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Mo mọ̀ ọ́n ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Emna, bí obìnrin náà ṣe ń jẹ́ nìyẹn, ṣàlàyé fún un pé inú sẹ́ẹ̀lì kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, àwọn ẹ́ńsáìmù yẹn. Èyí á ṣe tiẹ̀ tán, á gbé e fún èkejì. "Si Tahar ọ̀gá wa ní kálukú wọn kàn ń léfòó kiri ni. Mo ní rárá o. Tí èròjà tí wọ́n ń ṣe bá wọ́n, wọ́n máa ń kóra jọ sójú kan kí iṣẹ́ lè yá."

Ó ti so ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mọ́ wọn kó lè máa rí wọn. Ó yẹ kí Moez bi í pé báwo ló ṣe ń mú kí èròjà náà wọ́n. Kò bi í. Ojú Emna ló ń wò, ọ̀dọ́ burúkú!

Si Tahar ò gbà. Ó ní ìdì òkú ẹran lásán, ẹ́ńsáìmù tó ti bàjẹ́ tó sì dì pọ̀, ni àwọn tótòtó ìmọ́lẹ̀ tí Emna ń rí níbi tí wọ́n ti kóra jọ yẹn. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá fojú ara mi wò ó. Tí mi ò bá rí nǹkan gidi, o máa pa iṣẹ́ yẹn tì." Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin!

Ààwẹ̀ ti wọlé nígbà yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Emna sáré bá ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní erékùṣù Kerkennah. Àṣà yàrá náà sì ni pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn á bu omi oúnjẹ fún sẹ́ẹ̀lì gbogbo èèyàn. Moez ló gbẹ̀yìn. Ó rí i pé omi tí kò lóúnjẹ tó ni Emna fi sínú tiẹ̀. Ebi ààwẹ̀ ń pa òun náà, ikùn rẹ̀ ń kùn. "Áà, ó ti fi ìkánjú ṣi ìgò mú." Ó da omi yẹn nù, ó bu oúnjẹ tó dára jù lọ fún wọn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, inú rẹ̀ sì dùn délé.

Ní Mọ́ńdè, Emna wọ abẹ́ aṣọ dúdú. Ó wò ó. Ó nu awò, ó tún wò. Ìmọ́lẹ̀ ewé kàn fọ́n káàkiri ni, kò sí tótòtó kan.

Si Tahar náà wò ó. "Mo ti sọ fún ẹ, ọmọ mi."

"Mo rí wọn, sà. Ní Jímọ̀, mo rí wọn." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àbí mi ò rí wọn ni? Orí mi ti dàrú." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ebi pa wọ́n kí wọ́n lè kóra jọ!"

Moez gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ebi? Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Tó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́, Emna lè má wojú rẹ̀ mọ́. Tó bá dákẹ́, ọmọbìnrin yìí á máa rò pé ojú òun ló ń parọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Si Tahar, èmi ni. Mo bu oúnjẹ fún wọn. Àánú wọn ló ṣe mí."

"O ṣe kí ni?" Emna dìde. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ dúró ná, ẹ̀yin méjèèjì," Si Tahar ní. Òun náà ò mọ ohun tó máa rò mọ́. "Ẹ fọ oúnjẹ yẹn kúrò. Nísinsìnyí."

Wọ́n fọ̀ ọ́. Inú ń bí Emna, síbẹ̀ odidi wákàtí mẹ́fà ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Moez, kò dìde kúrò níbẹ̀. Moez ò mọ ibi tó máa gba ìyẹn sí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣínu, Emna ké lábẹ́ aṣọ. Wọ́n ti padà! Tótòtó ewé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíì.

Si Tahar wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ìdì òkú ẹran ò ní tú ká torí oúnjẹ, kó tún wá kóra jọ nígbà tí ebi dé. Alààyè nìyí. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Àṣìṣe ọmọkùnrin yìí ló là á yé mi." Ó jáde lọ gbààdúrà.

Emna gbé etí aṣọ dúdú sókè. "Wọlé, kó o wá rí ohun tó o fẹ́ bà jẹ́."

Moez wọlé. "Ṣé o ò bínú mọ́?"

"Mò ń bínú. Màá sì máa bínú títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀bùn lọ fún àfẹ́sọ́nà nílùú wa, ní kí ìyá ẹ gbé tiẹ̀ wá bá màmá mi ní Kerkennah."

Moez yíjú sí i. "Emna, ṣé bí mo ṣe gbọ́ ọ yẹn ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Sún mọ́ mi díẹ̀, o ò ríran níbẹ̀ yẹn."

Nígbà tí Si Tahar padà wá mú gíláàsì ojú rẹ̀ tó gbàgbé, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló bá lábẹ́ aṣọ dúdú. Ó fi gíláàsì sílẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé.