Awò Dúdú

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni mo wà, aṣọ bò mí lórí, fóònù wà lẹ́nu mi, òógùn ń ṣàn lára mi. Ibẹ̀ nìkan ni ariwo ilé kì í dé. Ọ̀rẹ́ mi Kíákíá dúró síta, ó di ìlẹ̀kùn mú.

"Ohùn-Iyọ̀, ṣé o ti ṣe tán?"

"Gbólóhùn yìí ló le o! Ó gùn ju ẹnu ọkùnrin inú fídíò yẹn lọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ohùn-Iyọ̀ ní kíláàsì wa, nítorí bí mo bá ń kàwé sókè, àwọn tó ń sùn pàápàá á jí. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa ló fi àwọn fídíò kan hàn mí lórí ayélujára, tí àwọn onímọ̀ ṣe fún àwọn ọmọdé. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kó gé e, kó fi èdè tirẹ̀ sí i, kó sì pín in. Ohun méjì péré ni wọ́n bẹ̀: kí a dárúkọ àwọn tó ṣe é, kí a sì kọ ohun tí a yí padà síbẹ̀. Èmi ń fi Yorùbá sí i fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe mẹ́rin, Tíṣà sì máa ń gbọ́ ọ kó tó jáde.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà dá lórí bí òṣùpá ṣe máa ń bo oòrùn lójú ọ̀sán. Ọ̀tunla ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa, ara gbogbo ọmọdé kò sì balẹ̀ mọ́. Nínú fídíò náà, ọkùnrin kan mú awò kan dání, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwo oòrùn. Kí n tó sọ gbogbo ìyẹn tán, ọkùnrin náà á ti pa ẹnu dé.

"Sọ pé awò dúdú," ni Kíákíá wí. "Àbí kì í ṣe dúdú ni?"

Lóòótọ́, dúdú ni. "Ẹ wọ awò dúdú" bá ẹnu ọkùnrin náà mu bí ẹni pé Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. A rẹ́rìn-ín títí.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti pọ̀ jù," ó tún wí. "Ta ló fẹ́ fi dátà rẹ̀ wo ìyẹn? Gé e jàre."

A gé e kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lára ohun tí a gé dànù ni ibi tí ọkùnrin náà ti to oríṣiríṣi awò sórí tábìlì, tó ń sọ pé èyí kò dáa, èyí náà kò dáa. Ó sú wa. Mo yọ orúkọ àwọn tó ṣe é kúrò níparí, mo kọ "Ohùn-Iyọ̀" gàdàgbà síbẹ̀.

"Tíṣà ńkọ́?" ni mo bi í.

"Tíṣà á ní ká dúró di ọ̀la, kíláàsì kejì á sì ti gbé tiwọn jáde. Ṣé ẹlẹ́ẹ̀kejì lo fẹ́ jẹ́?"

Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má dá Kíákíá lẹ́bi, ìka tèmi ló tẹ̀ ẹ́ tó fi jáde.

Nígbà tí ọ̀tunla fi máa dé, ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ti wò ó. Orí mi wú. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé mo kú iṣẹ́. Mo gbọ́ díẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀.

Àbúrò ìyá mi obìnrin kan wà, aránṣọ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ìbéèrè là ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òṣùpá bo oòrùn, Ìbéèrè jí, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá mi, kí ló bo imú yín?"

Kò sí ohun tó bo imú ẹnikẹ́ni.

Èmi àti ìyá mi bá wọn nílé ìwòsàn. Dókítà tan iná sójú ọmọ náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Kí ló fi wo oòrùn?"

Àǹtí mi mú awò ojú tirẹ̀ jáde látinú báàgì, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sóde. "Awò dúdú ni, Dókítà. Òun ni wọ́n ní ká lò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dúró yìí ló sọ ọ́ nínú fídíò."

"Awò ọ̀ṣọ́ lèyí, Màmá. Kò lè dí oòrùn. Ńṣe ló jẹ́ kó rọrùn fún un láti tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ẹ̀yìn ẹyinjú kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kò fi ké." Ó pa iná náà. "Ó lè san díẹ̀. Àárín ohun tó bá ń wò, tí kò rí mọ́ yẹn, mi ò lè ṣèlérí fún yín pé yóò padà."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, mo ṣí fóònù mi. Láàárín àwọn ohùn tí mi ò gbọ́, mo rí ti Ìbéèrè, tó fi fóònù ìyá rẹ̀ ránṣẹ́: "Àǹtí, ṣé irú ti màmá mi ni awò dúdú tí ẹ sọ yẹn? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, ó ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyìn ni mò ń gbọ́ ní wákàtí yẹn.

"Pa fídíò yẹn rẹ́," ni Kíákíá sọ fún mi lórí fóònù. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti wà lórí fóònù àwọn ẹlòmíì. Bàbá kan ń béèrè láàárín àwọn òbí pé níbo ni fídíò náà ti wá, kóun lè lọ wo ojúlówó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí mo ti yọ orúkọ kúrò.

Mo lọ bá Tíṣà, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò pariwo. Ó kàn jókòó ni.

"Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fún wa ní fídíò," ó ní. "Ojú ọmọ kì í ṣe ọ̀fẹ́."

A ṣe òmíràn, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Igba ènìyàn kò pé tó wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a gbọ́ nípa ọmọ méjì míì tí ojú wọn bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò bú mi. "Dìde," ó wí. "Ká ní àjèjì ló sọ ọ́, ǹ bá ti béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohùn rẹ ni mo gbọ́ tí ọkàn mi fi balẹ̀." Ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ máa pín ìmọ̀, nítorí ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, ẹ sọ ohun tí ẹ gé kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ jù yín lọ gbọ́ ọ kó tó jáde. Ọjọ́ kan péré ni Tíṣà ì bá gbà lọ́wọ́ mi. Títí di òní, bí mo bá kọ lẹ́tà ábídí kan sójú ìwé fún Ìbéèrè, etí lẹ́tà náà nìkan ló ń rí.