Bàtà Lábẹ́ Sùtánà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìtàn yìí, mo kí yín kú ìfarabalẹ̀. Ọpẹ́ ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀, nítorí náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó pa wá mọ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ilẹ̀ baba wa, tó sì jẹ́ kí ìfẹ́ ráàyè hù níbi tí òtútù ti ń pa ewé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè mú kí ara yín bù máṣọ. Ẹ má fòyà. Ọlọ́run wà nínú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje ni Tiwaladé kọ́kọ́ pàdé Morákinyọ̀, lórí pápá kan ní ìlú òyìnbó, tí kò jìnnà sí Mayesbrook Park. Kùrukùru ṣì bo ilẹ̀. Wọ́n ń ṣe káǹpù ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá lọ, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí àgbò. Lọ́dọọdún ni àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń ti Amẹ́ríkà wá, láti káǹpù dé káǹpù, kí wọ́n lè yan ọmọ tó bá yára, tó sì lágbára, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Tiwaladé kì í ṣe eléré. Ó ń kọ́ iṣẹ́ títọ́jú iṣan àti egungun ní yunifásítì, òun ló sì ń di báńdéèjì fún wọn, tó ń gbé yìnyín lé orúnkún tó bá wú. Ó ń to ìgò omi sínú kúlà nígbà tí ọkùnrin gíga kan tó so fèrè mọ́ ọrùn tọ̀ ọ́ wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sister. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni bọ̀bọ́ tó wọ sùtánà yẹn?"

Yorùbá rẹ̀ ń gba imú jáde bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Tiwaladé gbójú sókè.

"Sùtánà kẹ̀? Níbo?"

"Láàárín pápá. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń wò ó. Kí àwọn yòókù tó dé ló máa ń sáré. Tí mo bá yíjú báyìí, tí mo tún wo ibẹ̀, á ti lọ. Nínú gbogbo káǹpù tí mo ti yà, mi ò rí ẹni tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa."

"Kò sẹ́ni tó ń wọ sùtánà gbá bọ́ọ̀lù níbí o."

"Mo mọ sùtánà. Aláṣọ funfun ni mọ́mì mi ní Houston. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bàtà bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sùtánà pẹ̀lú bàtà! Mọ́mì mi ì bá ti fọ́ ọ létí." Ó rẹ́rìn-ín. "Kó tó sáré, á kọ́kọ́ fa etí òsì rẹ̀. Báyìí."

Ìgò omi bọ́ lọ́wọ́ Tiwaladé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń fa etí òsì kó tó sáré. Mìdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni. Níbi káǹpù ọdún tó kọjá ni kóòṣì kan ti yan Mìdé. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ó sùn nínú yàrá rẹ̀ nílé wọn ní Alibon, kò sì jí mọ́. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú oorun. Sùtánà rẹ̀ ni wọ́n fi sin ín, ẹsẹ̀ lásán, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wọn, nítorí ẹni tó bá wọ aṣọ mímọ́ kì í wọ bàtà sí i.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ọkùnrin náà béèrè. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a mú ìgò nílẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," ni Tiwaladé wí.

Ó wí fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe Mìdé. Mìdé kò jẹ́ wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà láé. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ló dì mú bí ẹni tó di ọ̀pá mú lójú òkùnkùn.

Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tún gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Morákinyọ̀ ti dúró dè é. Nígbà tí káǹpù náà parí, ó fi àdúgbò Barking ṣe ibùdó, ó ń ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àwọn káǹpù mìíràn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í mọ́ kó má kọ́kọ́ yà ní pápá náà. Àwọn méjèèjì á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa jẹ àkàrà tí Tiwaladé fi bébà wé wá.

"Ẹ tún ń rí i?"

"Ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ibi igi yẹn. Ìwọ ò rí i?"

Tiwaladé kò rí nǹkan kan àfi kùrukùru. Ṣùgbọ́n ìyá òyìnbó kan máa ń mú ajá rẹ̀ gba ibẹ̀ láràárọ̀. Bí ajá náà bá ti dé àárín pápá, á jókòó, á na etí. Ìyá náà á fà á títí, kò ní kọjá. "Ó máa ń ṣe bíi pé ẹnì kan dúró síwájú rẹ̀," ni ìyá náà wí lọ́jọ́ kan, ó sì yára gba ọ̀nà mìíràn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rù yìí gan-an ni ìfẹ́ ti hù.

"Má pè mí ní ẹ̀yin mọ́," ni Morákinyọ̀ wí. "Ó ń sọ mí di bàbá arúgbó."

"Ṣé kí n máa pè yín ní Coach Mora, bíi ti àwọn òyìnbó yín?"

"Kinyọ̀. Mọ́mì mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Èmi kì í ṣe mọ́mì yín."

"Mo ti rí i. Mọ́mì mi kì í rẹwà tó báyìí láàárọ̀."

"Háà! Màá fẹjọ́ yín sùn."

Láti ìgbà tí Mìdé ti kú, Tiwaladé kò tíì rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ fi dùn ún. Ọjọ́ náà ló rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fà sí ọkùnrin yìí, kò sì fi pa mọ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, Morákinyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tiwa, Adé mi, àwọn kóòṣì yòókù ń lọ sí Jámánì, èmi náà gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Mi ò fẹ́ lọ láì kí màmá rẹ. Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Kinyọ̀. Ṣùgbọ́n tí mọ́mì bá ní rárá, mi ò lè tẹ ọkàn wọn mọ́lẹ̀. Èmi nìkan ló kù fún wọn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn ń lò ní Goresbrook, ẹ̀mí gbé Wòlíì Àkànmú láàárín àdúrà. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo rí ẹnì kan tó dúró síbẹ̀! Ó fẹ́ wọlé, kò lè wọlé, nítorí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀!"

Gbogbo ìjọ wo ẹsẹ̀ ara wọn. Alàgbà kan tó gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ sẹ́sẹ̀ yára bọ́ ọ, ó rún un sí àpò. "Wòlíì, mo ti bọ́ ọ o!" Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí, ìyá Tiwaladé, yíjú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àbẹ́là tó mú. Tiwaladé rí i. Kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Morákinyọ̀ wá sílé wọn. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó na gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ gba ẹnu Ìbíyẹmí. Nígbà náà ló rí ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, pupa àti dúdú, àwọ̀ méjì tí ìjọ wọn kì í wọ̀, tí wọ́n ya orí ẹranko sí láyà.

"Pupa àti dúdú! Nínú ilé tí a ti ń tan àbẹ́là!"

"Ẹ forí jì mí mà, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa ni." Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó tún wọ̀ ọ́. Bó ṣe ń wọ̀ ọ́, fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀ hàn síta.

Ojú Ìbíyẹmí yí pa dà. "Kóòṣì ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin lẹ fọn fèrè pe Mìdé mi. Ó gbọ́, ó dìde, kò pa dà. Ẹ kò ní fọn ọ́n pe èyí tó kù. Mi ò ṣépè fún ọ, ọmọ èèyàn. Ọlọ́run á fún ọ níyàwó níbòmíràn. Máa lọ."

Morákinyọ̀ kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́, ó dìde. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti wọ bàtà rẹ̀, Tiwaladé mọ̀ pé tó bá ti tẹsẹ̀ síta, ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mọ́mì, ó ń rí Mìdé."

"Kí lo wí?"

"Ní pápá, láràárọ̀. Ó ń fa etí òsì. Èmi ni mi ò gbà, torí ó ní ẹni yẹn wọ sùtánà, bàtà bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní Mìdé kọ́, Mìdé ò jẹ́..."

Morákinyọ̀ yíjú pa dà pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́; kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé òkú ni ẹni tó ń rí. Ìbíyẹmí ti dìde. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó lọ dúró síwájú Morákinyọ̀.

"Irú bàtà wo?"

"Àwọ̀ ewé ni, mà. Okùn ti ọ̀tún funfun. Ti òsì ni kò bá a mu, yẹ́lò ni."

Ilẹ̀ ni ìyá náà jókòó sí.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀," ó ń wí. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ rárá. Wọ́n ní kí n wò ó kí wọ́n tó pa pósí dé. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Mo ní ọmọ mi ń lọ ìrìn àjò, kò wọ bàtà. Mo ti gbé èyí tó fẹ́ràn jù pa mọ́ sínú báàgì. Okùn ọ̀kan ti já, mo wá òmíràn fi sí i. Mo wọ̀ ọ́ fún un, mo fa sùtánà bò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sunkún pé mo ba aṣọ mímọ́ jẹ́, pé nítorí mi ni wọn ò ṣe jẹ́ kó wọlé lókè ọ̀run."

Kò sí atẹ́gùn nínú yàrá, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Síbẹ̀ iná àbẹ́là orí tábìlì àdúrà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí ẹnì kan kọjá níwájú rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" Ìbíyẹmí béèrè. "Ṣé ó ń jìyà?"

"Rárá, mà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá sáré dé ìpẹ̀kun, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá bojú wẹ̀yìn, bí ọmọ tó ń dúró kí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pápá. Ìbíyẹmí wọ sùtánà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú ìrì. Ajá ìyá òyìnbó yẹn ti jókòó láàárín pápá, kò mira.

"Ó ti dé," Morákinyọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìbíyẹmí kò rí i. Ó kàn kọjú sí ibi tí ajá kọjú sí.

"Mìdé, ọkọ mi. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún ọ. Ìfẹ́ ló sún mi ṣe é. Mósè náà wọ bàtà dé iwájú igbó tó ń jó, Olúwa kò lé e, Ó kàn ní kó bọ́ ọ ni. Bọ́ ọ, ọmọ mi. Má rò pé inú mi á bàjẹ́. Bọ́ ọ, kí o wọlé."

Fèrè kan dún lọ́nà jíjìn, ó tín-ín-rín, ó sì gùn. Morákinyọ̀ fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ó ti fi fèrè tirẹ̀ sílẹ̀ sí Barking.

Ajá dìde, ó gbọn ara, ó sì rìn kọjá láàárín pápá bí ẹni pé kò sí ohun tó dí i lọ́nà rí.

"Kí lo rí?" Tiwaladé béèrè.

"Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn. Lẹ́yìn náà, mi ò rí i mọ́."

Ìbíyẹmí nu ojú rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà títí.

"Ẹni tí ọmọ mi fi iṣẹ́ rán sí mi, mi ò lè lé e. Fẹ́ ẹ. Inú ìjọ wa ni wọ́n ti máa so yín pọ̀. Má sì jẹ́ kí n rí pupa àti dúdú yẹn lára rẹ mọ́ nílé mi."

"Ẹ ṣé, mà."

"Kí o sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nírọ̀lẹ́."

Morákinyọ̀ lọ sí Jámánì, ó sì pa dà sílé. Kò sí ọjọ́ tí kì í pe Adé rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí ewé tún ń rú, kí àsìkò káǹpù tó dé, òun àti ìyá rẹ̀ ti Houston wá. Ọjọ́ ìgbéyàwó, gbogbo èèyàn bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní Goresbrook. Bí Wòlíì Àkànmú ṣe ń gbàdúrà lé tọkọtìyàwó lórí, ó dákẹ́, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń fún èèyàn lọ́nà.

"Mo fẹ́ ọ, Adé mi," Morákinyọ̀ wí.

"Mo fẹ́ ọ, Kinyọ̀," Tiwaladé dáhùn, ó sì sọ ọ́ síta kí gbogbo ìjọ lè gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ń jáde fún fọ́tò, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń pariwo. "Ta ló ni èyí? Kó wá gbé e o!" Láàárín àwọn bàtà olówó iyebíye yẹn ni bàtà bọ́ọ̀lù kan wà, àwọ̀ ewé. Òjò kò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, síbẹ̀ ó tutù rinrin, koríko sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Okùn ti ọ̀tún funfun. Ti òsì yẹ́lò.

Tiwaladé di apá ọkọ rẹ̀ mú pinpin. Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó rọra to bàtà náà kí méjèèjì dọ́gba, ó yí orí wọn sí ògiri bíi ti ẹni tí kò tíì fẹ́ lọ.

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀," ó wí. "Ẹni tó ni ín wà nínú ilé."

Ìwọ tó kà á dé ibí, kí Olúwa fi ẹni tó mọ ọkàn rẹ fún ọ. Àwọn tí o sin pẹ̀lú omijé, kí wọ́n ti wọlé, kí ara sì tù wọ́n. Ẹnu ọ̀nà tí ìwọ náà ń dúró sí, kí ó ṣí fún ọ lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.