Ahoro Tí Kò Sí Nínú Igbó

Nínú kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ fún ọ̀nà rélùwéè ní Ìwó ni Ògúndípẹ̀ ti kọ́kọ́ rí Tinúọlá. Ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó ń ṣa àpáàdì sínú agbọ̀n, òógùn sì ń dán lọ́rùn rẹ̀ bí àdí. Ògúndípẹ̀ sọ ọkọ́ sílẹ̀.

"Ọmọge, ṣé ìkòkò odindi ti wọ́n lọ́jà ni?"

"Amọ̀kòkò ni mí. A máa ń gún àpáàdì mọ́ amọ̀, kí ìkòkò má baà sán nínú iná. Ìwọ tí o ń gbẹ́lẹ̀ láti àárọ̀, o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Kọ́ mi."

Ó nàka sí ẹ̀gbẹ́ kòtò: erùpẹ̀ oko lókè, eérú ilé tó jóná lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà àpáàdì. "Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé."

Láti ọjọ́ náà, Ògúndípẹ̀ ń tọ́jú àpáàdì dè é. Nígbà tí iṣu tuntun fi jáde, wọ́n ti jọ pinnu láti fẹ́ ara wọn.

Fáṣínà, baba Tinúọlá, ṣe ìwádìí bí àṣà. Ògúndípẹ̀ ní Òkè-Ẹwìrì ni àwọn baba òun ń gbé, létí odò kan lọ́nà Kuta, kí ogun tó tú wọn ká. Ahoro a máa di igbó, nítorí náà àwọn tí Fáṣínà rán fi ọjọ́ mẹ́ta tú igbó ibẹ̀. Wọn ò rí ahoro, wọn ò rí odò.

"Mi ò lè fọmọ fún ẹni tí a ò mọ orírun rẹ̀," ni Fáṣínà wí. "Fi ilẹ̀ náà hàn mí kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, tàbí kí o má wọ agbolé yìí mọ́."

Tinúọlá bá Ògúndípẹ̀ létí kòtò níbi tó dorí kodò sí.

"Ọkọ mi, gbójú sókè."

"Baba rẹ ò tíì gbà."

"Èmi ti gbà. Iṣẹ́ wo ni àwọn baba rẹ ń ṣe?"

"Wọ́n ń yọ́ irin."

"Kí ni wọ́n fi ń dáná?"

"Èédú."

Tinúọlá bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n sì lọ ń wá wọn nínú igbó! Ẹni tó sun èédú fún ìran mẹ́ta, igi wo ló kù lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀dàn ni ká lọ."

Wọ́n mú Fáṣínà dání. Ní àárín ọ̀dàn lọ́nà Kuta, lábẹ́ koríko, wọ́n rí òkìtì ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin dúdú tó wúwo. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, Ògúndípẹ̀ gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, ó sì kan òkúta roboto àti ìkarahun ìṣáwùrú.

"Odò ṣàn níbí," ni Tinúọlá wí. "Nígbà tí wọ́n gé igi tán, òjò wọ́ erùpẹ̀ bò ó."

Fáṣínà yíjú sí Ògúndípẹ̀. "A jẹ́ pé àwọn baba rẹ ló pa odò wọn."

Ògúndípẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀."

Fáṣínà fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìdílé tó bá ní òun ò lálèébù, irọ́ ló ń pa. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá tọrọ."

Ó ṣáájú wọn lọ sílé. Tinúọlá kúnlẹ̀ ti Ògúndípẹ̀.

"Níbo la ó kọ́lé sí?"

"Níbí."

"Kò sómi."

"A ó gbin igi. Bó bá pẹ́ títí, omi á padà."

"Ta ni yóò mu ún?"

"Ọmọ ọmọ wa."

Tinúọlá fi ọwọ́ eléruku di tirẹ̀ mú. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ìwọ ni yóò máa pọnmi."

"Láti Kuta?"

"Láti Kuta."

"Mo gbà," ni Ògúndípẹ̀ wí.