Afẹ́fẹ́ Kan fún Ẹni Méjì

Orí Làdíátù ló kọ́kọ́ yọ lójú omi. Ìborùn dúdú ló wé mọ́ ọn pinpin, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹran. Ọdún 1985 ni, ní kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ abẹ́ omi ní àdúgbò Third Ward ní Houston. Tàjùdíìnì, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Deer Park, pọn ìgò afẹ́fẹ́ dúró létí omi ìlúwẹ̀ẹ́, ó gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́?" ó bi í.

"Àbí o rò pé ẹja ni mí?"

Nọ́ọ̀sì ni Làdíátù. Iyùn ọrùn ìyá àgbà ló ń wò dàgbà, Houston ló ti wá gbọ́ pé ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn nínú òkun. Ó ti forúkọ sílẹ̀ láti lọ wò ó ní erékùṣù kékeré kan láàárín òkun Pàsífíìkì. Ẹnìkan kì í dá wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ni kíláàsì bá so òun àti Tàjù pọ̀. Wọ́n kọ́ wọn láti pín rọ́bà ìmí kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu, bí afẹ́fẹ́ ẹnìkan bá tán: ìmí méjì fún ọ, ìmí méjì fún mi. Kí ọ̀sẹ̀ kẹjọ tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Bíọ́lá, ọ̀rẹ́ Làdíátù tí kì í lè pa ẹnu mọ́, ló sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí fún Àlàájì Rahmon, bàbá Làdíátù.

"Ohun tó ti ẹnu ọmọ mi jáde ni ọkùnrin ń ki bọ ẹnu? Kò sí erékùṣù, kò sì sí Tàjù!"

Làdíátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Tàjù lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fẹ́ Làdíátù ni."

"Bó bá ku afẹ́fẹ́ ẹnìkan ṣoṣo lábẹ́ omi ńkọ́, ta lo máa fún?"

Irọ́ dídùn ti dé ẹnu Tàjù. Ó gbé e mì.

"Ó wù mí kí n sọ pé òun ni, sà. Ṣùgbọ́n bí èémí bá há èèyàn, ọwọ́ a máa já nǹkan gbà. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. That's why mo ń practice, kí ọwọ́ mi lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fúnni."

Làdíátù tó ń fetí sí wọn ní kíṣìnì gbá orí mú. Ta ló rán an níṣẹ́ òótọ́?

Àlàájì ní kó dìde.

"Àwọn mẹ́ta ló ti wá ṣáájú ẹ. Gbogbo wọn ló ní àwọn lè kú nítorí rẹ̀, mi ò tíì rí sàréè ẹnìkankan. Lọ pe àwọn èèyàn ẹ wá."

Wọ́n so yìgì wọn ní mọ́sáláṣí lóṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ erékùṣù náà, níbi tí omi ti mọ́ gaara, iyùn pupa sì ń hàn nísàlẹ̀.

"Ọkọ mi, o ò bi èmi bóyá màá fún ẹ ní afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù."

"Ṣé wàá fún mi?"

"Mi ò mọ̀ o. Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Tàjù di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ bọ́ sómi.