Owú Ò Jẹ́ Kó Wo Nọ́ńbà

Ṣọ́ọ̀bù Olúdayọ̀ ní Yaba ni Jọmílójú ti kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì pòórá nínú kọ̀ǹpútà. Olúdayọ̀ ò fi máòsì tẹ àwòrán kankan. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, ó ń kọ àṣẹ sí i, díìsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí iṣẹ́ náà padà yọjú, ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

Olúdayọ̀ gbé omi tútù fún un. "Ó ti tán, arẹwà. Nu ojú ẹ."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tí Jọmílójú fi ń yà síbẹ̀ bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, tí Olúdayọ̀ sì ń kọ́ ọ. Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré.

"Arẹwà mi, kó o tó fọwọ́ kan díìsì kankan, kọ́kọ́ tẹ 'list disk', kó o wo nọ́ńbà rẹ̀. Bá a bá yọ ọ̀kan, tá a ki òmíràn bọ̀ ọ́, nọ́ńbà lè yí padà."

Jọmílójú gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ni owú ń gun tó ń rántí òfin?

Aneesah ló dá a sílẹ̀. Ayàwòrán ni, ará Iganmu, òun sì ni Olúdayọ̀ ń fẹ́ kó tó mọ Jọmílójú. Ó gbé díìsì tó kó àwòrán àwọn oníbàárà rẹ̀ sí wá fún àtúnṣe, ó sì gbé ìrẹsì dání.

"Mo mọ̀ pé o ò tíì jẹun. Ata ẹ̀ ò pọ̀, bó o ṣe máa ń fẹ́ ẹ."

Olúdayọ̀ jẹ ẹ́ tán, ó tún ní ó dùn. Ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́: ṣé ó yẹ kó sọ pé ó dùn?

"Oníbàárà wo ló ń gbé oúnjẹ kiri?" Jọmílójú bi í nígbà tí Aneesah lọ.

"Jọmí, jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ló gbé wá."

Díìsì Aneesah ni nọ́ńbà kìíní lójú kọ̀ǹpútà. Jọmílójú wò ó bí ẹni tó ń wo orogún.

Lọ́jọ́ kejì, Olúdayọ̀ jáde lọ ra wáyà. Jọmílójú rò ó pé bí àwòrán wọ̀nyẹn bá parẹ́, Aneesah á bínú, kò sì ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Kò wo nọ́ńbà kankan. Ó yan ìkíní, ó tẹ "clean", àṣẹ tó ń mú kí díìsì ṣófo, ó parí.

Ìgbà yẹn ló wá tẹ "list disk". Díìsì Aneesah ti di ìkejì, kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tó ti ṣófo ni ti Àǹtí Christianah, ẹ̀gbọ́n Olúdayọ̀, tí Olúdayọ̀ kì bọ kọ̀ǹpútà láàárọ̀.

Àǹtí Christianah ló tọ́ Olúdayọ̀ dàgbà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Òun náà ni kò tíì fọwọ́ sí i kí àbúrò rẹ̀ fẹ́ Jọmílójú. Fídíò ìkómọ ọmọ kan ṣoṣo tó fi omijé wá ló wà nínú díìsì yẹn, kò sì sí níbòmíràn. Ẹ̀rù ba Jọmílójú.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ wọlé. Olúdayọ̀ wo kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Kò yé mi."

"Báwo ni ò ṣe ní yé ẹ?" Àǹtí Christianah ti ń sunkún. "Iṣẹ́ Aneesah lo gbájú mọ́ tó o fi ba tèmi jẹ́. Kí ọmọ yẹn má ṣe tẹ ibí yìí mọ́ láé!"

Ohun tí Jọmílójú ń wá gan-an ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí. Kó sáà ti dákẹ́ ni. Ó wo Olúdayọ̀ tó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe é ju bí owú ṣe ń jẹ ẹ́ lọ.

"Èmi ni, mà. Ti Aneesah ni mo fẹ́ pa rẹ́. Mi ò wo nọ́ńbà."

Olúdayọ̀ yíjú sí i. "'Clean' nìkan lo tẹ̀? O ò kọ nǹkan mìíràn lé e?"

"Mi ò kọ nǹkan kan."

"A jẹ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀, ojú la ò fi rí i."

Ó jókòó, ó ń tẹ àṣẹ. Ó pẹ́ kí fídíò náà tó ṣí, tí ohùn àwọn tó ń sọ ọmọ lórúkọ gba ṣọ́ọ̀bù kan. Àǹtí Christianah nu ojú rẹ̀. Jọmílójú mú báàgì, ó ń lọ.

"Ibo lò ń lọ?" Àǹtí Christianah bi í.

"Ilé, mà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí mọ́."

"Mi ò gbà ẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó o bá wá sílé mi, 'bẹ́ẹ̀ ni, mà' nìkan lo máa ń sọ, mi ò mọ ẹni tó o jẹ́. Ní báyìí mo ti mọ̀ pé wàhálà ni ẹ́, mo sì tún mọ̀ pé o ò lè jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ jẹ àbúrò mi níyà." Ó kọjú sí Olúdayọ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Orúkọ mi ló fẹ́ bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹrù oníbàárà!" Olúdayọ̀ mí kanlẹ̀. "Inú ń bí mi gan-an. Mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an."

"Kó pe Aneesah, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún un."

Olúdayọ̀ gba fóònù Jọmílójú, ó tẹ nọ́ńbà Aneesah sí i, ó dá a padà fún un. Aneesah gbé e, ó ń bèèrè ẹni tó ń pè.

"Jọmílójú ni," ló dáhùn, "àfẹ́sọ́nà Olúdayọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín."

Ẹnikẹ́ni ò tíì pè é ní àfẹ́sọ́nà rí. Ó dúró kí ẹnì kan tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.